Walter Tull, ọmọ káfíńtà Folkestone

Lọ́dún 2018, mo ní ìwé kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ìwé ilẹ̀ bàbá wa tí àwọn ẹbí ò jẹ́ kí n sinmi lé lórí. Mo tò sórí ìlà ní pósọ́fíìsì ní Folkestone, ìlú etí òkun tí mò ń gbé ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó wà nídìí káńtà já sítáǹpù fún mi. Ibi tí mo ti fẹ́ lẹ̀ ẹ́ ni mo ti rí i pé ojú tó ń wò mí láti ara sítáǹpù náà, ojú ènìyàn dúdú ni. Aṣọ ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì ayé Ogun Àgbáyé Kìíní ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ta nìyí?" Obìnrin náà wo sítáǹpù, ó wo èmi náà, ó ní, "Walter Tull ni. Ará ìlú wa ni. Ibí ni wọ́n bí i sí."

Ojú tì mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú náà. Bí mo bá ti ń ti ilé ẹnì kan bọ̀ lọ sí ti ẹlòmíràn, mò ń kọjá lẹ́bàá òpó ìrántí ogun tó wà lókè etíkun, orúkọ ọkùnrin yìí sì wà níbẹ̀. N ò dúró kà á rí. Mo rọra ti sítáǹpù náà bọ pọ́ọ̀sì, mo ra òmíràn fún ìwé Ìbàdàn.

Èmi kì í ṣe òpìtàn, ọ̀rọ̀ ogun ò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Ká ní wọ́n kàn sọ fún mi pé ọkùnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham, ó wọṣẹ́ sójà, ó dọ̀gá, wọ́n sì pa á nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1918, ǹ bá ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kí n sì máa bá tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́: bọ́ọ̀lù, ìbọn, ikú. Ilé tó ti jáde wá ló mú mi mọ́lẹ̀. Mo mọ irú ilé yẹn.

Daniel Tull ni bàbá rẹ̀, káfíńtà, ọmọ erékùṣù Barbados. Bàbá tó bí Daniel ti ṣe ẹrú nílẹ̀ oníréké yẹn. Ọdún 1834 ni òfin òmìnira bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì di 1838 kí wọ́n tó tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ pátápátá. Daniel wọ ọkọ̀ ojú omi, ó rìn títí ó fi dé Folkestone, ibẹ̀ ló fìdí kalẹ̀ sí, tó sì fẹ́ Alice Palmer, ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Hougham, abúlé kan lẹ́bàá Dover. Mo ti wakọ̀ gba Hougham lọ. Ọ̀nà tóóró ni, afẹ́fẹ́ òkun, àgùntàn. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń ro bí ọjọ́ tí Alice kọ́kọ́ mú ọkùnrin náà wọlé ṣe máa rí, kí ìyá rẹ̀ máa wò, kí bàbá rẹ̀ máa wò. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ra. Wọ́n bí ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan kú ní kékeré. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1888 ni wọ́n bí Walter. Edward ló ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ọdún méjì.

Ìyá ni wúrà, baba ni jígí, ẹ mọ ìyókù orin náà. Lọ́dún 1895 wúrà bàjẹ́: jẹjẹrẹ pa Alice, Walter ò ju ọmọ ọdún méje lọ. Daniel fẹ́ Clara, ìbátan olóògbé, ohun tí kò ní ya ọmọ Yorùbá kankan lẹ́nu. Clara bí ọmọbìnrin kan fún un. Kò pẹ́, kò jìnnà, lọ́dún 1897, jígí náà wọ omi. Àìsàn ọkàn ló pa Daniel. Ẹ wo Clara báyìí: opó, ọmọ ọwọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ márùn-ún tí kì í ṣe òun ló bí wọn yí i ká, kò sówó.

Lọ́dún 1898 wọ́n mú Edward àti Walter lọ sí ilé ọmọ òrukàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń bójú tó ní Bethnal Green, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá àti mẹ́sàn-án. Àwọn yòókù dúró sílé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bú Clara, pé ìyàwó bàbá ni, pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Èmi ò bá wọn dá sí i. Mo mọ obìnrin kan tí kì í ṣe opó, tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì gbé ọmọ tirẹ̀ fún àjèjì tọ́. Ìyá tèmi ni.

Láàárín 1955 sí bí 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí láti Nàìjíríà, tí àwa Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló wá kàwé níbí tí wọ́n sì gbé ọmọ wọn fún òyìnbó tọ́. Wọ́n á polówó ọmọ nínú ìwé ìròyìn, òyìnbó á kọ̀wé padà, wọ́n á ṣàdéhùn iye tí wọ́n á máa san lọ́sẹ̀. Kent àti Sussex ni ọ̀pọ̀ wa lọ, torí afẹ́fẹ́ etí òkun. Akáńtì ni bàbá mi ń kọ́, ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, onílé sì ti sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Ọmọ ọdún méjì ni mí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ márùn-ún, nígbà tí wọ́n fi wá sọ́dọ̀ màmá òyìnbó kan ní abúlé kan ní Kent. Obìnrin náà ò burú. Kò mọ ohun tó máa fi irun wa ṣe ni, ọṣẹ tó fi ń fọṣọ ló fi ń fọ̀ ọ́, kò sì mọ̀ pé ara wa ń fẹ́ ìpara, a máa ń funfun lórúnkún bí ẹni tó ti inú ìyẹ̀fun jáde. Àmọ́ ó fẹ́ràn wa. Ìyẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Lọ́dún 1967 bàbá mi parí ẹ̀kọ́. Wọ́n wá kó wa. Èmi, mo gbá tẹ̀ lé wọn, bísíkíìtì ni wọ́n fi tàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi di fírémù ilẹ̀kùn mú. Màmá òyìnbó ń sunkún, ó ń bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí ọmọ náà parí ọdún ilé ìwé rẹ̀, pé lọ́dún tó ń bọ̀ òun fúnra òun á gbé e wọ bàálù. Bàbá mi gbà. Ọdún tó ń bọ̀ náà, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ nílé, wọ́n ní kó rọ̀. Lẹ́yìn ogun, owó ò sí. Nígbà tówó máa wà, ẹ̀gbọ́n mi ti di géńdé, ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá mi máa ń rán aṣọ Kérésì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ń fojú díwọ̀n bó ṣe máa ga tó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí mò ń kà nígbà tí mo kà nípa Edward àti Walter.

Edward ní ohùn. Ilé ọmọ òrukàn yẹn ní ẹgbẹ́ akọrin tó ń káàkiri ìlú láti fi wá owó, wọ́n sì mú un dé Glasgow, ní Scotland. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ń gbé. Ìdílé kan níbẹ̀, ìdílé Warnock, gbọ́ orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára, wọ́n gbà á ṣọmọ lọ́dún 1900. Dókítà eyín ni Warnock. Ó rán Edward nílé ìwé títí òun náà fi di dókítà eyín, Edward Tull-Warnock, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yẹn ní Britain. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò pa Tull rẹ́ lára orúkọ rẹ̀.

Walter ò ṣípá. Òun ló kù sílé ọmọ òrukàn. Ọmọ ọdún méjìlá, ìyá ti lọ, bàbá ti lọ, ẹ̀gbọ́n tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti lọ. Wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí èmi ò lè gbójú fò ni pé okùn àárín òun àti Edward ò já. Wọ́n ń kọ̀wé síra. Walter ń lọ kí i ní Glasgow. Àwọn méjèèjì ọmọdé, kò sí fóònù, kò sí òbí tó ń ti wọ́n, ìrìn ọ̀nà náà sì jìn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí a ní ìyá àti bàbá tó wà láàyè, tí lẹ́tà aláwọ̀ búlúù wà ní gbogbo pósọ́fíìsì, a jẹ́ kó já.

Ẹ jẹ́ n sáré bọ́ọ̀lù kọjá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń dúró sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Clapton, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1908, wọ́n gba ife mẹ́ta ní sáà kan náà. Lọ́dún 1909 Tottenham mú un, wọ́n gbé e lọ sí Argentina àti Uruguay, wọ́n ń san pọ́n-ùn mẹ́rin fún un lọ́sẹ̀, iye tó ga jù tí òfin gbà nígbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n lọ gbá pẹ̀lú Bristol City. Àwọn òǹwòran kan níbẹ̀ bú àwọ̀ rẹ̀ débi pé akọ̀ròyìn òyìnbó tó wà lórí pápá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìwà Walter ló yẹ kí àwọn aláwọ̀ funfun máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kò pẹ́ tí Tottenham fi gbé e sẹ́yìn. Lọ́dún 1911 Herbert Chapman, ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ Northampton, rà á lọ sọ́hùn-ún, ó sì gbá ju ọgọ́rùn-ún ìdíje lọ níbẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1914 ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wọ iṣẹ́ sójà, bàtálíọ̀nù kẹtàdínlógún Middlesex Regiment, èyí tí wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù jọ sí. Wọ́n gbé wọn lọ sí France. Wọ́n gbẹ́ yàrà. Ọmọ Ìbàdàn mọ yàrà, èyí tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má baà wọlé. Tiwọn yàtọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, pẹ̀lú eku àti ẹrẹ̀, tí àgbá sì ń dún lórí wọn tọ̀sán-tòru. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1916 ìró àgbá yẹn da ọpọlọ Walter rú, wọ́n gbé e padà sílé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara rẹ̀ yá. Ó padà sí France, sí ogun Somme.

Ibi tó ya ènìyàn lẹ́nu ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ìlànà iṣẹ́ ológun wọn nígbà yẹn sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá máa di ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òyìnbó pọ́ńbélé. Àwọn ọ̀gá tó rí Walter lójú ogun mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Gailes, ní Scotland, ibi tí kò jìnnà sí Edward. Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1917 ló di Second Lieutenant, ipò tí ọ̀gá sójà fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. George Bemand, ọmọ Jamaica, ti di ọ̀gá láti 1915, wọ́n sì ti pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1916. Mo máa ń ṣàtúnṣe rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, wọ́n á sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́. Àmọ́ Bemand náà ní ìyá.

Wọ́n gbé bàtálíọ̀nù rẹ̀ tuntun lọ sí Ítálì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1918, lóru, nínú òtútù, Walter kó sójà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá odò Piave lọ bá ọ̀tá, ó sì kó gbogbo wọn padà, láìku ẹnì kan. Ọ̀gágun Sydney Lawford kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó gbóyà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Òyìnbó làwọn tó kó kọjá yẹn. Ọmọ ọmọ ẹrú Barbados ló ń sọ fún wọn pé ó yá.

Ní oṣù kẹta wọ́n dá wọn padà sí France, àwọn ará Jámánì sì ya bò wọ́n. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1918, lẹ́bàá abúlé Favreuil, ọta ìbọn bà á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ku bí oṣù kan kó pé ọgbọ̀n. Àwọn sójà rẹ̀ gbìyànjú láti gbé òkú rẹ̀ lábẹ́ ìbọn. Tom Billingham, tó ti ṣe aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester Fosse rí, wà lára wọn, ó wọ́ ọ dé ibì kan kó tó di pé wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Wọn ò rí òkú náà mọ́ títí dòní.

Edward ni wọ́n kọ̀wé sí. Ọ̀gá kan láti bàtálíọ̀nù náà sọ fún un pé gbogbo wọn ló fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, pé ó kú lójú ẹsẹ̀, pé wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Military Cross. Àmì ẹ̀yẹ náà ò dé. Títí di ìsinsìnyí àwọn ènìyàn ṣì ń jà fún un. Lọ́dún 1920 ni William, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà tóun náà ṣe sójà, kú, Folkestone ni wọ́n sin ín sí. Mo ti débẹ̀. Òjò ń rọ̀, mo dúró díẹ̀.

Ìdílé Edward ló tọ́jú lẹ́tà àti fọ́tò. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ dókítà eyín tí wọ́n gbà ṣọmọ ní Glasgow yẹn ló fi wọ́n pamọ́ títí di ìgbà tí àwọn òpìtàn wá kan ilẹ̀kùn. Ká ní àwọn ọmọ méjì yẹn ti jẹ́ kí okùn já lọ́dún 1900, ta ni wọn ì bá kọ̀wé sí lọ́dún 1918? Sítáǹpù wo ni obìnrin yẹn ì bá já fún mi?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Leeds ló ń gbé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. N ò mọ bí máa ṣe bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń sọ ìtàn Tull fún un. Arsenal ló ń tì lẹ́yìn, mo rò pé á ní ọ̀rọ̀ Tottenham ò kan òun. Ó dákẹ́ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti mú Edward lọ. Ó ní, "Èwo nínú wọn ni èmi?" N ò rí èsì fọ̀. Òun ni wọ́n fi sílẹ̀, bí Walter. Òun sì ni òyìnbó gbà ṣọmọ, bí Edward. Mo rò ó títí, kò bá ara mu níbì kankan, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún un nípa àwọn aṣọ Kérésì. Ó ní kí n máa mú irọ́ bọ̀. Mo ní àpótí wọn wà nílé ní Ìbàdàn, àbúrò bàbá wa lè ya fọ́tò rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: ṣòkòtò kan, bùbá kan, láti kékeré dé ńlá, méjìlá.

Oṣù kẹta ọdún 2019 ló wá bá mi ní Folkestone. A gbé mọ́tò mi wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá, ìṣẹ́jú márùndínlógójì péré, a ti dé ilẹ̀ Faransé. Arras ni a lọ. Ògiri ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò ní sàréè sí, wọ́n lé ní 34,000. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iye yẹn yé òun kó tó dúró níwájú rẹ̀. Orúkọ lórí orúkọ, òkè dé ilẹ̀, ọrùn á máa dun yín. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí i, lára ògiri keje, lábẹ́ Middlesex. Ó fi ìka kan án. Tull, àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ mẹ́ta. Kò sí bàbá káfíńtà níbẹ̀, kò sí Hougham, kò sí Glasgow.

A dúró títí òtútù fi mú wa. Ó bi mí bí wọ́n bá fẹ́ kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún òun, kí ni wọ́n máa kọ. Mo ní ó dá lórí ẹni tó bá ń kọ ọ́. Ìyá wa ò ní kọ́kọ́ kọ orúkọ òyìnbó rẹ̀, oríkì rẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ní oríkì? Mo wò ó lójú, mo rí i pé kò fi ṣeré. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Mo ní, "Àlàó."

Ó pè é bí òyìnbó ṣe máa pè é, ohùn òkè látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní rárá, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, kó tó gòkè. Ó tún un pè. Ọkùnrin Faransé kan tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wò wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Ó wá ní ebi ń pa òun, ṣé a lè rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja.